Oúnjẹ Ọmọ Ẹja Ni Mo Fi Ṣe Pásítọ̀ Lálejò

Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí èébú náà ti máa dùn mí jù bíi tèmi.

Olúbùsọ́lá lorúkọ mi. Iṣẹ́ care, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe. Físà mi ló gbé èmi àti ọkọ mi, Fọláhàn, dé London, Thamesmead la sì ń gbé. Ní Ìkòròdú, tíṣà báyọ́lọ́jì ni ọkọ mi, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní "Sà". Níbí, ó gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, nígbà tó yá, wọn ò pè é síṣẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń jáde láàárọ̀. Òun ló ń fọ abọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, ọkùnrin náà ti di yẹpẹrẹ lójú mi. Nígbà tí a wà nílé, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí a dé Thamesmead tó fi di "o", mi ò tiẹ̀ lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń jà lórí aṣọ tó gbàgbé sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo nàka sí i lójú, mo ní, "Má pariwo mọ́ mi. Dependant lásán ni ẹ́, abẹ́ físà mi lo wà!" Ó lọ kó aṣọ jáde, ó ń sá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Plumstead High Street tí wọ́n ti ń ta ẹja tí òyìnbó ń sìn sínú ilé fún ìran wíwò. Patricia lorúkọ obìnrin tó ni ín. Ọkọ mi a máa yà síbẹ̀ nígbà tí kò ríṣẹ́ ṣe, á dúró níwájú gíláàsì, á máa wo ẹja. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, Patricia rí i pé orí ọkùnrin yìí pé sí ẹja. Ó gbé àwọn tánkì àlòkù fún un pẹ̀lú akọ àti abo discus, irú ẹja kan tó rí pẹlẹbẹ bí àwo. Ó ní kó máa gbé wọn lọ sílé.

"Wọ́n máa yé," obìnrin náà wí. "Bó o bá tọ́ àwọn ọmọ wọn yè títí wọ́n á fi fẹ̀ tó owó ẹyọ pọ́n-ùn kan, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Iṣẹ́ gidi ló ń sọ o, iṣẹ́ tí kò ní fi ẹ̀yìn gbé ẹrù. Ojú ọkọ mi tàn lọ́jọ́ yẹn. Èmi ńkọ́? Mo yínmú.

"Sà ti Ìkòròdú," mo ní, "ìwọ lo fẹ́ máa da ọmọ ẹja kiri."

"Bùsọ́lá, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo! Tí wọ́n bá bi mí ní church pé kí ni ọkọ mi ń ṣe, màá ní babysitter ẹja ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú.

Ẹja yé lóòótọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ara ìyá àti bàbá wọn ni àwọn ọmọ náà ti ń jẹun. Wọ́n á so mọ́ wọn lára, wọ́n á máa lá ohun tó ń yọ̀ lára wọn. Nígbà tí wọ́n tóbi tó èékánná, ọkọ mi kó wọn sọ́tọ̀, wàhálà oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo àṣejù. Á ra ọkàn màlúù, á gé gbogbo ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀ dànù bíi dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Á bó edé ńláńlá. Á fi ẹja funfun sí i, á fi spinach sí i, á fi ááyù díẹ̀ sí i. Á lọ̀ ọ́ kúnná, á po jẹ́látìn mọ́ ọn kó lè dì mọ́ra, á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú náílọ́ọ̀nù, á kó o sí firísà. Bí àsìkò oúnjẹ bá tó, á dá díẹ̀ níbẹ̀, á fi ohun tí mo fi ń rin ilá rin ín wẹ́wẹ́ kó lè ba ẹnu wọn mu, á wá fi í sínú omi díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, á fi rọ́bà fa àjẹkù jáde kí omi má baà bàjẹ́. Ó ní ọmọ ẹja kì í jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ ni.

Èmi tí mo ti ibi tí mo ti lọ wẹ bàbá òyìnbó kan ní Shooters Hill dé, tí ẹsẹ̀ mi wú, Indomie ni màá bá lórí iná. Edé ń bẹ lọ́dọ̀ ẹja. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, màá pòṣé títí ẹnu mi á fi gbẹ.

Ó wá ṣe, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àrínọlá, tó ń gbé Manchester, kò sì sẹ́ni tó máa dúró tì í. Fọláhàn ní láti lọ lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Kó tó lọ, ó mú mi dé iwájú firísà.

"Bùsọ́lá, jọ̀ọ́. Oúnjẹ wọn tó wà nílẹ̀ máa tó tán. Ọkàn màlúù, edé, ẹja, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú drawer ìsàlẹ̀ yìí. Mo ti clean ẹ̀. Ṣáà blend ẹ̀, kó o freeze ẹ̀. No salt, no oil, no Maggi. Ara wọn ò lè gbé e."

"Mo ti gbọ́."

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó size tí Patricia sọ."

"Fọláhàn, mo ní mo ti gbọ́! Àbí o fẹ́ kí n kọ ọ́ síwájú orí ni?"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo ti gbàgbé pé ilé mi ni fellowship ìjọ wa ń bọ̀ ní Sunday yẹn. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé. Èmi ni mo fẹnu ara mi tọrọ rẹ̀. Lóṣù tó ṣáájú, ilé Mummy Veronica ní Glyndon Estate la ti ṣe é. Òun ni àgbà obìnrin inú fellowship wa. Oúnjẹ tó sè lọ́jọ́ náà, Pásítọ̀ ò yéé yìn ín. Inú bí mi, mo sọ lójú gbogbo wọn pé kí wọ́n dúró de tèmi. Àṣé èṣù ń gbọ́. Saturday, wọ́n fi shift kún shift mi. Nígbà tí mo fi máa délé, ara mi ti kú, ọrùn adìyẹ nìkan ló sì kù nínú firísà.

Ọrùn adìyẹ, àti ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀.

Mo fà á wò. Edé náà tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ó mọ́ tónítóní. Ọkàn màlúù yẹn ò ní ọ̀rá kankan lára. Mo tì í padà, mo lọ jókòó sí pálọ̀. Àwọn ọmọ ẹja sáré wá síwájú gíláàsì, wọ́n rò pé mo gbé oúnjẹ wá. Mo wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin.

Mo bi ara mi pé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú Bíbélì pé kí ẹja máa jẹ edé, kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa jẹ ọrùn adìyẹ? Mo tún dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fa dúrọ́ọ̀ náà jáde pátápátá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sè. Mo fi curry sí i, mo fi thyme sí i, mo fọ́ Maggi lé e lórí, mo gún ata rodo, òróró léfòó sójú ọbẹ̀. Kí wọ́n tó dé, mo fi aṣọ bo àwọn tánkì nítorí ìtìjú. Pásítọ̀ Olúwaṣògo kọ́kọ́ ń bu ìrẹsì jẹ. Nígbà tó yá, ó pa ìrẹsì tì, ó dojú kọ edé.

"Sister Bùsọ́lá! Ha! This one na five star o. Ọlọ́run á bùkún ilé yín."

"Àmín, sà."

Mummy Veronica ń jẹ ọkàn màlúù, ó ń mi orí. "Ẹran yìí mà rọ̀ o. Kò tiẹ̀ lọ́ràá! Níbo lo ti rà á?"

"Plumstead ni, Mummy."

"Ìwọ gan-an ni Proverbs thirty-one woman."

Orí mi wú. Mo tún bu kún abọ́ wọn.

Mo ti pinnu pé màá ra òmíràn dípò, shift ni ò jẹ́. Irọ́ wà nínú ìyẹn náà, torí pé bọ́ọ̀sì mi ń gba Plumstead High Street kọjá lójoojúmọ́. Ọ̀lẹ ló ṣe mí, mo sì fojú tín-ín-rín wo ẹja. Nígbà tí oúnjẹ wọn wá tán, ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà nínú fíríìjì. Mo ṣa ọkàn màlúù àti edé tó kù, mo fi omi ṣàn wọ́n nínú asẹ́, mo kó wọn sínú bùlẹ́ńdà tí mo fi ń lọ ata. Mo da ááyù rẹpẹtẹ sí i kó lè bo òórùn. Mo po jẹ́látìn, mo tẹ́ ẹ sínú náílọ́ọ̀nù, mo kó o sí firísà. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ọkọ mi. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí Pásítọ̀ jẹ tó fi ń ké Halleluyah, ẹja wo ló máa ní òun ò jẹ ẹ́?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rin ín fún wọn, wọ́n sáré wá, wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù.

"Ẹ gbààwẹ̀ nígbà náà," mo ní, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọkọ mi dé. Kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó fi lọ síwájú tánkì.

"Bùsọ́lá, kí ló ṣe wọ́n? Ara wọn ti dúdú. Kí ló dé tí gbogbo wọn ń mí lójú omi?"

"Ṣé mo mọ̀? Bóyá òtútù ni."

"Kí lo fún wọn jẹ?"

"Ohun tó o ní kí n fún wọn. Àbí kí ni mo tún fẹ́ fún wọn, pizza?"

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó gbà mí gbọ́. Ó rí òróró tó ń dán lójú omi, ó ní òun ló jẹ̀bi, ó ní bóyá òun ò gé ọ̀rá ara ọkàn náà tán. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń pọn omi láti balùwẹ̀ sí pálọ̀, ó ń da ti àná nù, ó ń rọ tuntun. Bó bá ti rọ ọ́ tán, á lọ sídìí firísà, á dá oúnjẹ tí mo ṣe, á rin ín wẹ́wẹ́, á fi bọ́ wọn.

Mo jókòó lórí àga, mo ń tẹ fóònù.

"Má fún wọn nìyẹn." Gbogbo ohun tí ẹnu mi ní láti sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́. Kí èmi tí mò ń gbọ́ bùkátà ilé wá máa bẹ dependant nítorí ẹja? Láàárọ̀, èyí tó kú á ti léfòó. Á fi ṣíbí yọ ọ́, á gbé e lé orí tíṣù, á máa wò ó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kú lọ níbẹ̀ yẹn. Mo ń wọ bàtà mi, mo ń lọ síbi iṣẹ́ tèmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Mummy Veronica pè mí lórí fóònù nítorí nǹkan mìíràn. Mo kàn mẹ́nu ba ẹja tó ń kú.

"Ẹja? Nínú parlour? Tí wọ́n sì ń bímọ?" Ó mí kanlẹ̀. "Sister Bùsọ́lá, altar nìyẹn o! Marine kingdom ti wọ ilé yín. O rò pé lásán ni ọkọ ẹ ò ríṣẹ́?"

Mo mọ̀ dájú pé kò sí ẹ̀mí kankan nínú omi yẹn àfi Maggi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún mi, mo sì gba ibẹ̀ jáde.

"Mummy, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́," mo ní. "Mo kàn ń pa á mọ́ra ni. Mo máa ń lálàá omi."

Irọ́ gbuu. Ẹni tó ń ṣe irú shift tí mò ń ṣe kì í lálàá rárá.

Nírọ̀lẹ́ Saturday, òun àti Pásítọ̀ dé pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà. Fọláhàn dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Brother Fọláhàn," Pásítọ̀ wí, "tánkì yìí gbọ́dọ̀ kúrò nílé yìí. Àwọn tó kù nínú ẹ̀, toilet la máa dà wọ́n sí."

"Pastor, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n yè. Ẹ má dà wọ́n nù. Iṣẹ́ mi ni wọ́n."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn?" ni Mummy Veronica wí. "Wọ́n ti fi nǹkan dè é."

Èmi tí mo mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, mo di gèlè mi le, mo ní, "Àmín."

Pásítọ̀ ní ká kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹja jáde, àwọ̀n, rọ́bà, títí kan oúnjẹ wọn, kí òróró lè kàn án. Ọkọ mi lọ gbé náílọ́ọ̀nù oúnjẹ wá láti firísà, ó gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ radiator tó ń mú ilé móoru. Mo nawọ́ sí i.

"Pastor, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyẹn padà, ó máa yọ́..."

"Má bẹ̀rù, Sister. Fi sílẹ̀."

Bí Pásítọ̀ wa bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ti Jẹ́nẹ́sísì wọ inú òkun, ó de àwọn ọba inú omi, ó tú wọn, ó tún wọn dè. Radiator ń gbóná. Mo la ojú kan, mo rí náílọ́ọ̀nù náà tó ń rọ̀, tí òróró pupa ń sun jáde lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ááyù ló kọ́kọ́ dé, thyme tẹ̀lé e, nígbà tí curry máa dé, ó gba gbogbo pálọ̀.

Mummy Veronica dákẹ́ "Fire! Fire!" tó ń pè. Ó fa imú.

"Sister Bùsọ́lá, ṣé o gbé ọbẹ̀ kaná ni?"

Ó tẹ̀lé imú rẹ̀ dé ìdí tábìlì, ó ṣí náílọ́ọ̀nù, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, obìnrin yẹn tọ́ ọ wò. Ọ̀jẹun kì í jẹ́ kí ohun oúnjẹ kọjá òun.

"Jésù! Ọbẹ̀ fellowship yẹn nìyí!"

Ọwọ́ Pásítọ̀ ṣì wà lókè. "Ọbẹ̀ wo?"

"Ọbẹ̀ edé yẹn, sà! Ti ilé yìí! Mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé."

Ọkọ mi wá sídìí tábìlì. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tú u wò títí ó fi rí hóró ata. Kò wo Pásítọ̀, èmi ló ń wò.

"Bùsọ́lá, edé inú drawer dà?"

"Mo sè é."

"Fún ta ni?"

Mo nàka sí Pásítọ̀. Ẹ wo ìtìjú, èmi tí mò ń pe ara mi ní olórí ilé, mò ń nàka bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn. Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, èyí ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ẹja ti fẹnu kan ohun tí mo jẹ yẹn ni?"

"Rárá, sà," ọkọ mi dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àjẹkù yín ló pa wọ́n."

Mummy Veronica ń nu ìka sára ìró. Pásítọ̀ ń wá bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Well," ó ní, "marine spirit can use anybody." Wọn ò dúró ṣe grace. Mo gbọ́ ohùn wọn ní ìta bí wọ́n ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ ikùn ni wọ́n ṣì ń sọ.

Gbogbo ọmọ ẹja tó kù ló kú. Ọkọ mi fọ tánkì, ó gbé ìyá àti bàbá wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómorí, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ dá wọn padà fún Patricia. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí lobìnrin náà wí.

"Ó ní kò sẹ́ni tí ẹja kì í kú mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ ohun tí ẹja ẹ̀ ń jẹ, òun ò lè fi tòun sí i níkàáwọ́. Ó ti mú ẹlòmíì."

"O ò sọ fún un pé èmi ni?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ìyàwó mi gbé oúnjẹ wọn fún Pastor? Mo ní èmi ni mo ṣe é."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Ní fellowship, wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń se oúnjẹ. Ìyẹn ò dùn mí. Àwọn tó lá abọ́ mi mọ́ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Mummy Veronica sì ti sọ ìtàn náà dé Woolwich. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi tí físà wà lórúkọ yín, tí ẹ wá ń wo ọkọ yín bí ẹrù tí ẹ rù wá láti ilé, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Kò sí ohun tí mo fi jù yín lọ nínú ìwà òmùgọ̀, mo kàn tètè dé ibẹ̀ ni.

Wọ́n ti tún pe Fọláhàn sí ilé ìkẹ́rùsí, ó ń fi ẹ̀yìn yẹn gbé ẹrù. Kò lé mi, kò nà mí, kò fẹjọ́ mi sun ẹbí. Ó ń kí mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á wo inú abọ́ náà, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí.

"Bùsọ́lá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Màá kà á fún un: ata, alùbọ́sà, iyọ̀, òróró, ẹran. Mi ò ní fo ìkankan. Á gbọ́ mi títí màá fi parí.

"O ṣé," á ní. Á sì dìde, á lọ gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná.